Ọjọ́ Tí A Ka Ọkàn Tafàtafà

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 30 oṣù Keje, ọdún 2021. Aago Nàìjíríà ni mo fi to ọjọ́ náà jọ, nítorí Mowe ni mo ti ń kọ̀wé, níbi tí ènìyàn ti ń jí kí àkùkọ tó kọ, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Tokyo fi wákàtí mẹ́jọ ṣíwájú wa: nígbà tí ọjọ́ bá ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, òwúrọ̀ la ṣì wà. Ọjọ́ yẹn ni eré sísá bẹ̀rẹ̀ ní Òlíńpíìkì, ojú ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn asáré wa. Ní pápá mìíràn nílùú kan náà, àwọn obìnrin ń ta ọfà. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan wà níbẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí ọkàn wọn ń lù, tó sì ń gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n. Ìjáyà tí ènìyàn máa ń fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ wá di ohun tí gbogbo ayé ń kà.

Aago kan ààbọ̀ òru

Mowe ti sùn. Àwọn jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, ajá méjì mẹ́ta ló kù tó ń gbó. Ní Tokyo, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ti lù, oòrùn ti ń mú, Deepika Kumari ọmọ Íńdíà, ẹni tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé nígbà náà, sì ti dúró síwájú àmì. Yumenoshima ni orúkọ ibẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni erékùṣù àlá. Bẹ́ẹ̀ orí ààtàn ló wà: ìdọ̀tí Tokyo ni wọ́n kó dí òkun títí ó fi di ilẹ̀. Ìjókòó òǹwòran ṣófo nítorí Kòrónà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níwájú obìnrin yìí. Àmì náà jìnnà tó mítà 70, ó ju àyè tó wà láàárín òpó iná méjì ládùúgbò lọ. Fífẹ̀ gbogbo àmì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 122, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn tó ń fúnni ní máàkì mẹ́wàá kò ju 12.2 lọ. Àwo CD fẹ̀ tó 12. Ẹ fi àwo CD kan kọ́ sára ògiri, kí ẹ rìn títí ẹ ó fi kọjá òpó iná kejì, kí ẹ wá bojú wẹ̀yìn. Ohun tí tafàtafà ń wò nìyẹn. Ogún ìṣẹ́jú àáyá sì ni wọ́n fún un fún ọfà kan. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọfà náà ti ṣòfò.

Ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọfà mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá borí gba máàkì méjì, bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹyọ kan, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé mẹ́fà ló jáwé olúborí. Kumari àti Ksenia Perova tó wá lábẹ́ àsíá ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Rọ́ṣíà ta á títí, wọ́n jọ wà ní máàkì márùn-ún márùn-ún. Ó wá di ọfà kọ̀ọ̀kan. Perova ta méje. Kumari ta mẹ́wàá.

Aago mẹ́ta òru

Kí ilẹ̀ wa tó mọ́, ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún kan láti ìlú Gwangju ní Gúúsù Kòríà ti na Ren Hayakawa ọmọ Jàpáánù ní mẹ́fà sí mẹ́rin. An San ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní 23 oṣù Keje, ó ti gba máàkì 680 nínú ìdíje ìtò-sípò, kò sì sí obìnrin tó gba iye yẹn rí ní Òlíńpíìkì ṣáájú ìgbà náà. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Kim Je-deok, ọkùnrin ọmọ Kòríà, gba wúrà. Lọ́jọ́ kẹta, òun àti àwọn obìnrin méjì mìíràn gba wúrà. Nínú ọ̀sẹ̀ náà kan náà ni àwọn ọkùnrin kan ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹrù méjì ló wà lórí rẹ̀ bó ṣe ń gbé ọrun: wúrà kẹta, àti ẹnu ayé.

Lásìkò yẹn ní Mowe, ọkàn ẹni tó ń sùn rọra ń lù. Iṣan ìmọ̀lára kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní vagus. Inú ọpọlọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà. Iṣẹ́ rẹ̀ sí ọkàn ni pé kó máa mú un rọra, kí ó má sáré jù. Aago mẹ́ta òru yìí náà ni wọ́n fi mọ bó ṣe ń ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ní ìlú Graz ní Austria, Otto Loewi lá àlá kan. Ó jí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kò lè ka ohun tó kọ. Lóru ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́ta, àlá náà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò sùn mọ́, ó gba yàrá ìṣèwádìí lọ. Ó gbé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì sínú omi, ó ta iṣan vagus ti èkíní jí, ọkàn náà sì rọra. Ó wá bu omi tó yí èkíní ká, ó dà á sórí èkejì. Ọkàn kejì náà rọra, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣan kankan lára rẹ̀. A jẹ́ pé oògùn wà nínú ara tí iṣan ń tú sílẹ̀ láti fi bá ọkàn sọ̀rọ̀. Loewi wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1936.

Aago márùn-ún àárọ̀

Ìpè àdúrà ti dún, iná ti tàn lójú fèrèsé. Jímọ̀ ìparí oṣù ni, kì í ṣe Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí èrò máa ń ya lọ sí ibùdó ìsìn Redemption Camp, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ dé Èkó láàárọ̀ ti wà ní ibùdókọ̀. Kó tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ọkàn rẹ̀ ti yára ju ti orí bẹ́ẹ̀dì lọ.

Awakọ̀ tó gbé e yìí lè bá wa ṣàlàyé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó tẹ iná, ó tẹ bíréèkì, ó tún tẹ iná. Ọkàn náà ní tirẹ̀. Iṣan vagus ni bíréèkì. Àwọn iṣan mìíràn tó ń bá ìpayà àti ìjà rìn ni wọ́n ń tẹ iná. Bí a bá mú méjèèjì kúrò, ọkàn àgbàlagbà á máa dá lù ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí tirẹ̀ ń lù ní 70 nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, bíréèkì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀.

Nítorí náà ni ọkàn tó yá gágá kì í fi í lù gẹ́gẹ́ bí aago ara ògiri. Bí ó bá lù ní 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹnì kan lè rò pé ìṣẹ́jú àáyá kan géérégé ló wà láàárín ìlù kan sí èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí lè gùn díẹ̀, èyí lè kúrú díẹ̀. Bí a bá mí sínú, ọkàn á yára. Bí a bá mí síta, á rọra. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ ń wọ̀n, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó mọ ìlù á tètè lóye rẹ̀: omele ló ń tẹnu mọ́ ohùn kan ṣáá, ìyáàlù ló ń fà á gùn, tó ń gé e kúrú, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìpayà bá gba ọkàn, ìyáàlù á dákẹ́, á ku omele. Ọkàn á sáré, ìlù rẹ̀ á sì wá dọ́gba bákan náà. Ìdọ́gba yẹn kì í ṣe ìbàlẹ̀ ọkàn. Bíréèkì ló ti jáwọ́.

Nǹkan bí aago méje àárọ̀

Ní Tokyo, ọ̀sán ti ń lọ. Kumari àti An San ló pàdé nínú ìdíje àwọn mẹ́jọ tó kù. An San ta ọfà mẹ́ta àkọ́kọ́, mẹ́wàá mẹ́wàá mẹ́wàá: 30 sí 27. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ àwọn méjèèjì kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀: 26 sí 24, 26 sí 24. Mẹ́fà sí òdo. Ẹni ipò kìíní lágbàáyé ti ká ọrun rẹ̀.

Orí tẹlifíṣọ̀n la ti ń rí nọ́ńbà ọkàn. Kò sí wáyà lára àwọn tafàtafà, kò sí ohun kan tí wọ́n so mọ́ wọn láyà. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Panasonic ni: nígbàkúùgbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ á tú dé awọ ojú, àwọ̀ ojú á yí padà ní ìwọ̀n tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ẹ̀rọ ayàwòrán rí i, ó sì ń kà á.

Fún àwọn ará Kòríà, èyí kì í ṣe àjèjì. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Hyundai, tí ọ̀gá rẹ̀ pátápátá tún jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ atafà wọn, ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láti máa fi gbára dì nílé. Wọ́n tún ṣe pápá kan tó jọ ti Yumenoshima sí ibùdó ìgbáradì ní Jincheon, kí ojú àwọn ọmọ náà lè ti mọ ibẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àwọn ọdẹ wa mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Igbó tí ọdẹ ti ń rìn láti kékeré, ẹ̀ka igi tó bá ṣẹ́ níbẹ̀ kì í já a láyà.

Nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀

Ó ku mẹ́rin. Elena Osipova, ọmọ ẹgbẹ́ Perova, tó ti lé Kang Chae-young ará Kòríà dànù, tún fi mẹ́fà sí òdo na Lucilla Boari ọmọ Ítálì. Ọ̀rọ̀ ti An San kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Mackenzie Brown ọmọ Amẹ́ríkà dì í mú títí ó fi di márùn-ún sí márùn-ún. Ọfà kọ̀ọ̀kan ló kù.

Ìtàn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kan wà tí àwọn ọmọ òrìṣà ní Brazil ṣì ń sọ. Ẹyẹ burúkú kan bà sórí ààfin. Ọlọ́fà ogún ta, kò bà á. Ọlọ́fà ogójì ta, kò bà á. Ọlọ́fà àádọ́ta ta, òfo. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ẹni tó mú ọfà kan ṣoṣo wá, ni ọfà rẹ̀ bà á. Bí a ti ń gbọ́ ọ, a máa ń rò pé ọwọ́ ọdẹ yẹn ló mú ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ jẹ́ ká bèèrè nípa àyà rẹ̀ náà.

Ogún ìṣẹ́jú àáyá ló wà níwájú An San. Àwọn iṣan tó ń tẹ iná kì í yára: bí wọ́n bá ké sí ọkàn, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dáhùn, ohun tí wọ́n sì ti tú sínú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè ṣá. Ìjáyà ọfà tó kọjá ṣì wà nínú ara nígbà tó ń fi ọfà tuntun sórí ọsán. Kò lè bu ún jáde. Ṣùgbọ́n vagus ń yára. Láàárín ìlù kan sí òmíràn, ó ti lè mú ọkàn rọra. Èémí sì ni okùn rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa: bí a bá mí síta wọ̀ọ̀, bíréèkì á mú. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára tafàtafà láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá, ohun kan yìí nìkan ló ṣì lè bá dúnàádúrà.

Ó na ọrun, ó tú ọsán sílẹ̀. Mẹ́wàá. Brown ta mẹ́sàn-án.

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù

Àṣekágbá dé. An San àti Osipova kì í ṣe àjèjì síra: ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, ẹgbẹ́ An San ló gba wúrà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Osipova. Ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọfà mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé mẹ́fà ló ni wúrà.

Ìpele kìíní, 28 sí 28, ọ̀mì. Ìkejì, An San ta 30, Osipova 29. Ìkẹta, 27 sí 28, Osipova ló borí. Ìkẹrin, 27 sí 29, Osipova lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti di mẹ́ta sí márùn-ún. Ọ̀mì lásán ti tó Osipova báyìí. Tí An San kò bá borí ní ìkarùn-ún, ó parí. Ó ta 29, Osipova ta 27. Márùn-ún sí márùn-ún.

Ọfà kan ṣoṣo, ìgbà kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Nígbà yìí ni nọ́ńbà méjì hàn lójú tẹlifíṣọ̀n tí àwọn tó wò ó kò tíì gbàgbé. An San: 118. Osipova: 167. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní 118, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láàárín ìlù ọkàn kan sí èkejì, ìdá 508 nínú ẹgbẹ̀rún. Ní 167, àyè náà ti fún pọ̀ di ìdá 359. Ní ogún ìṣẹ́jú àáyá, ọkàn An San á lù ní nǹkan bí ìgbà 39, ti Osipova á lù ní nǹkan bí 56.

An San ló kọ́kọ́ ta. Ó wí lẹ́yìn náà pé òun ń bá ara òun sọ̀rọ̀ lórí ìdúró pé kí òun má bẹ̀rù, kí òun kàn ta á ni. Mẹ́wàá. Osipova gbé ọrun. Ó ta mẹ́jọ.

Báyìí ni An San ṣe di tafàtafà àkọ́kọ́ tó gba wúrà mẹ́ta nínú Òlíńpíìkì kan ṣoṣo láti ìgbà tí ìtafà ti padà sínú Òlíńpíìkì ní 1972.

Aago mẹ́wàá àárọ̀

Bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Mowe láàárọ̀ ti já èrò rẹ̀ sí Èkó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdájọ́ ti délẹ̀: ọkàn tútù gba wúrà, ọkàn tó ń sáré gba fàdákà. Ìtàn náà dùn ún sọ. Òun náà ni mo kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọrun tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń fà wúwo tó nǹkan bí kílò 18 sí 20, bíi garawa omi tó kún. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fà á, nínú ooru tó jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, Svetlana Gomboeva, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Osipova, dákú lẹ́yìn ìdíje ìtò-sípò ní pápá náà. Ooru ń lé ọkàn sáré. Iṣu ẹran ara tó le gbagidi ń lé e sáré. Ọkàn ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń yára ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ láti ilé. Ìwọ̀n ìpayà nìkan kọ́ ni 167. Ọkàn kan náà yẹn ló fi na Kang, tó fi na Boari, tó fi borí An San ní ìpele méjì léraléra.

Ohun tí ẹ̀rọ kò sì fi hàn wá ló ṣe pàtàkì jù. Iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan ni ó kà, kò sọ bí àyè àárín wọn ṣe ń gùn tó ń kúrú, kò sọ bóyá bíréèkì ṣì ń gbọ́ tí èémí bá pè é. Àwọn tó ti wádìí àwọn oníbọn ìdíje rí i pé lára àwọn tó já fáfá, ọkàn máa ń rọra díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí wọ́n tó yìnbọn, àti pé wọ́n máa ń fa ìbọn nígbà tí ọkàn bá wà láàárín ìlù méjì, tí ẹ̀jẹ̀ kò ti ọwọ́. Ọmọ ìkẹ́kọ̀ọ́ ń yìn ín bó bá ṣe bọ́ sí i. Nǹkan tí wọ́n ń dọdẹ kiri ni àyè kékeré yẹn. Ọkàn wọn ń lù bíi ti gbogbo ènìyàn, wọ́n kàn mọ ibi tí ó ti ń sinmi ni.

An San fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé ọkàn òun tutù. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í léèrè lẹ́yìn ìdíje, ó ní ó ń ṣe òun bíi pé ọkàn òun fẹ́ bẹ́.

Aago méjì ọ̀sán

Oògùn tó ń mú ọkàn rọra wà. Propranolol ni ọ̀kan nínú wọn, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń dí etí ọkàn sí àwọn iṣan tó ń tẹ iná. Dókítà lè kọ ọ́ fún aláìsàn, òfin kò sì dí i lọ́wọ́. Lórí pápá ìbọn àti ti ọfà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2008, Kim Jong-su ọmọ Àríwá Kòríà gba fàdákà àti idẹ nínú ìbọn ìléwọ́. Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n bá propranolol, wọ́n sì gba méjèèjì padà.

Nínú eré sísá, oògùn tí wọ́n ń wá ni èyí tó ń fi agbára kún agbára. Nínú ìtafà, wọ́n ń wá èyí tó ń mú ara rọ̀. Ẹni tó gbé e mì ti ra ohun tí An San fi èémí ṣòwò fún.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

Àwọn tó lọ sí Èkó ti padà sí Mowe, ọ̀nà ti fi ojú wọn rí màbo. Bíréèkì, iná, bíréèkì, iná, láti Berger títí dé ilé. Iná NEPA kò sí, ẹ̀kọ́ yìí kò sì nílò iná.

Ẹ jókòó. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ẹ wá ìlù náà rí. Ẹ má kà á. Ẹ kàn mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì mí síta fún ìgbà tó gùn ju ti ìṣáájú lọ. Lára ẹlòmíràn á tètè hàn, lára ẹlòmíràn ó gba sùúrù: bí èémí ti ń jáde, ìlù tó kàn á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, kò tilẹ̀ tó o. Inú irú àyè yẹn ni àwọn oníbọn ti ń fa ìbọn.

Ẹ mí sínú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti tún yára.